Àwọ̀ Epo Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Kan

Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi àtàtà,

Láti Ọjọ́bọ̀ tí o ti pè mí pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ni mo ti ń rìn káàkiri ilé bí adìẹ tó fẹ́ yé. Bàbá rẹ ní kí n jókòó, mo ní ara mi kò gba ìjókòó. Mo ti kọrin, mo ti dúpẹ́, mo ti sọ fún ìyá tó ń ta ògì ní ìkòríta wa, mo sì sọ fún ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi bọ̀ láti ọjà, tí kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Nígbà tí mo wá jókòó tán, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí ìwọ kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, n kò ní gbọ́ "Màmá, mo ti mọ̀" títí n ó fi kọ ọ́ tán.

O ní wọn yóò máa kó ewé, èso, ẹyin adìẹ àti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wá fún yín, ẹ̀yin yóò sì máa sọ irú àwọ̀ tó wà nínú wọn: èyí ni ti epo pupa, èyí ni ti tòmátì, èyí ni ti àgbàdo. Kárótínọ́ìdì ni o pe gbogbo wọn. Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. O kò mọ̀ pé èmi àti àwọ̀ yẹn ti pàdé rí, ní àwọn ọdún tí nǹkan le, kí a tó bí ọ. N kò sọ ọ́ fún ọ rí nítorí ojú ń tì mí. Òní ni n ó sọ ọ́, kí o lè rí nǹkan mú dání lọ síbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí àpò tuntun tí o ní kí bàbá rẹ rà fún ọ.

Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú yàrá àyẹ̀wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ẹnu mi mú, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ ìdí. Mílíìkì di ohun tí à ń fi ojú jẹ lórí igbá ọlọ́jà. Dókítà tó bá rí ọ̀nà ti bá bàálù lọ sókè òkun. Iná lè lọ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ á sì dúró gbagidi, a ó wá gbé ẹ̀jẹ̀ sórí àtẹ kó fúnra rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kí omi rẹ̀ lé sókè. Fíríìjì kan ṣoṣo tó ń lo kẹrosíìnì ló kù fún wa. Kẹ́míkà tí a fi ń yẹ àìsàn wò ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì rí òmíràn rà.

Ọ̀gá wa ni Bàbá Adétúlà, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, àgbàlagbà kúkúrú kan tí wọ́n ń fi okùn so awò ojú wọn mọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ kan tí kò sí iṣẹ́, wọ́n ní kí n já ewé tẹ̀tẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wọ́n gún un, wọ́n po sípírítì mọ́ ọn, wọ́n sì gbé ṣọ́ọ̀kì funfun kan, irú èyí tí tíṣà fi ń kọ̀wé, dúró sínú omi ewé náà. Mo ń wò ó. Omi náà ń gun ṣọ́ọ̀kì lọ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọ̀ ewé náà dúró, ohun kan sì jáde kúrò lára rẹ̀, ó ń dá lọ sókè: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo bi Bàbá Adétúlà ta ló fi epo sí i. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i, pé inú ewé ló wà láti ìgbà tó ti hù, àwọ̀ ewé ló bò ó mọ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ tẹ̀tẹ̀, n kò mọ̀ pé irú àwọ̀ tó wà nínú epo wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí n kò gún: ata, ewúro, ìbẹ́pẹ, òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà. Ọlọ́run kò ṣe àwọ̀ kan lásán. Ìgbà tí mo bá rí i tó ń dá gun òkè lọ bẹ́ẹ̀, orin ìyìn ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Ní òní tí mo ti fẹ̀yìn tì, bí mo bá ń rẹ́ ẹ̀fọ́, mo ṣì máa ń dúró wò ó, bàbá rẹ á ní ṣé ẹ̀fọ́ náà ń bá mi sọ̀rọ̀ ni.

Ó yá, jẹ́ kí n kà á fún ọ bí àwọn àgbà ṣe ń kà á.

Èkíní: pa àwọ̀ yẹn mọ́ kúrò lójú oòrùn. Mo fún àwọ̀ elégédé sínú ìgò kan, ó dára lójú débi pé mo gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣá, ó dà bí omi lásán. Mo sunkún. Bàbá Adétúlà ní ohun tó bá níye lórí kì í fẹ́ kí a máa gbé e káàkiri ojú ayé. Inú òkùnkùn àti ibi tútù ni kí o fi í sí, kí o sì tètè ṣe é. Ìwọ náà, má máa gbé gbogbo nǹkan rẹ sórí fóònù fún ayé wò.

Èkejì: jẹun kí o tó jáde nílé. Mo mọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ mú gègé. O sọ ohun kan ní Ọjọ́bọ̀ tó mú kí àyà mi já. Mo bi ọ́ pé báwo lẹ ó ṣe máa mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, o ní, "Màmá, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, èmi á kàn máa kọ ohun tó bá sọ ni." Èmi náà ti kọ ohun tí ìgò sọ rí. Gbọ́ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ.

Nígbà tí kẹ́míkà tí a fi ń yẹ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wò tán, ọgbọ́n àtijọ́ kan la padà sí. Bàbá Adétúlà po omi yẹ́lò kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán títí dé orí èyí tó pọ́n bí ìyeyè. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà pọ́njú bá ń ṣe máa ń pọ́n. A ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tó bá jọ, nọ́ńbà rẹ̀ la ó kọ. Bí nọ́ńbà bá ti ga, ibà pọ́njú nìyẹn.

Bàbá Adétúlà gba ìsinmi, wọ́n fi èmi sídìí iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́wàá kan dé láti ọ̀dọ̀ dókítà; Akinwálé ni orúkọ ọmọ náà, ìlú Oǹdó ni wọ́n ti gbé e wá. Omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ́n ju ìgò karùn-ún lọ. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ayé mọ̀, mo bá fi gègé pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ibà pọ́njú ni, ó sì le. Ọmọ náà wà lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo jókòó. N kò dìde lọ wò ó. Dókítà kan ṣoṣo ló ń wo gbogbo àwọn tó kún ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ka ohun tí mo kọ, ó gbà á gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ọmọ mi. Ohun tí a bá fi gègé kọ sílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ní ọjọ́ tí Bàbá Adétúlà wọlé padà, ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa láti àárọ̀. Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, òun ni ìyá Akinwálé. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí Òkìtìpupa, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jọ ń gbé ní Oǹdó. Ó ní láti ọjọ́ tí ìwé wa ti jáde ni ìyá ọkọ òun ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní oúnjẹ tóun ń fún un àti ọmú òun ló kó ibà sí i lára, wọn kò jẹ́ kó mu ọmú mọ́, àgbo kíkorò àti omi ògì ni wọ́n ń fún un. Ọmọ náà ti rù. Ó ń sunkún, òun ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, òun kò lè wọlé. Ó wá bi wá bóyá ìwé wa lè purọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní ìwé wa kì í purọ́. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá Adétúlà kò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n bi í pé ojú ọmọ náà ńkọ́? Ó ní funfun ojú rẹ̀ mọ́ bí òwú. Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kò pọ́n rárá, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló pọ́n, àti imú. Kí ló ń jẹ? Ó ní nígbà tí apá òun kò ká mílíìkì, igi ìbẹ́pẹ méjì tó wà lẹ́yìnkùlé lòun gbọ́jú lé, òun ń fún un láràárọ̀, òun ń se elégédé fún un lálẹ́, òun sì ń bu epo pupa sínú ògì rẹ̀ kó lè lókun. Orúkọ àìsàn náà gan-an ti sọ pé ojú àti ìtọ̀ la ó wò, Àbẹ̀kẹ́, èmi sì wo ìgò.

Bàbá Adétúlà bi mí bóyá omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ṣì wà. Ìmẹ́lẹ́ mi ló gbà mí lọ́jọ́ náà: n kò tíì fọ ìgò kankan láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú fíríìjì, nínú òkùnkùn. Wọ́n gbé ìgò ọmọ náà jáde, wọ́n gbé ti ọkùnrin kan tí ibà pọ́njú dá mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tì í. Méjèèjì pọ́n bákan náà, kò sí ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀. Wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ìgò mìíràn, wọ́n kán sípírítì sí wọn, wọ́n tún da omi kan lé wọn tó mọ́ gaara tó sì ń rùn bíi bẹntiróò, àwọ̀ epo máa ń yọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n mì wọ́n, wọ́n gbé wọn dúró, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn wọ́n.

Nínú ìgò ọkùnrin náà, àwọ̀ dúró sísàlẹ̀, omi òkè mọ́ bó ṣe wà. Nínú ìgò Akinwálé, àwọ̀ náà kúrò nísàlẹ̀, ó gòkè, ó kún inú omi òkè, ó sì ń tàn. Ìsàlẹ̀ funfun. Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ni mò ń wò yẹn, Àbẹ̀kẹ́, àti elégédé, àti epo. Ìyá rẹ̀ ti fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ó ti gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì jáde síbí láìsọ ara rẹ̀ nù. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé, n kò tíì rí èyí tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Kò sí àìsàn kankan lára ọmọ náà. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló ń tàn lára rẹ̀.

Bàbá Adétúlà kọ ìwé tuntun, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Uṣẹ́ rẹ ni. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ náà lo máa lọ tún un ṣe ní ulé wọn." Mo ní ṣé ìyá ọmọ kò lè mú ìwé náà lọ ni. Wọ́n ti ń fi òwú wé àwọn ìgò fún mi.

Kí n tó gbàgbé, bí mo ti dá ọ̀rọ̀ dúró yìí, ẹ̀kẹrin nìyí: wá ẹni tó jù ọ́ lọ tí kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àṣìṣe rẹ, kí o sì dúró tì í, bó tilẹ̀ ń dùn ọ́. Ẹ̀karùn-ún, bí o bá ṣìṣe, má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó sọ ọ́. Ìyókù ti fò lọ lórí mi, bàbá rẹ ń pariwo pé ọbẹ̀ ń jóná.

Bẹntiróò ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kó pákó ni èmi àti Mojísọ́lá jókòó sí lọ sí Oǹdó. Ọ̀nà ló ń wò títí a fi dé. Yèyé, ìyá ọkọ rẹ̀, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà lórí ẹsẹ̀, ife àgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ohun tó gbé mi wá, mo sì na ìwé náà sí wọn. Wọn kò gbà á.

"Ìwé àkọ́kọ́, ìwọ lo kọ ọ́," ni Yèyé wí. "Èyí náà, ìwọ lo kọ ọ́. Èwo ni kí n gbà?"

Mo ní kí Yèyé má gba ìwé kankan, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò. Mo ní kí wọ́n gbé sítóòfù jìnnà, torí omi tí mo gbé dání ń fa iná, mo sì to ìgò mi sórí àpótí. Lẹ́yìn omi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn àti ti Akinwálé, mo bu omi sínú ìgò kẹta, mo ní kí Yèyé fúnra wọn kán epo sí i láti inú kẹ̀rẹ̀gbẹ̀ tiwọn. Mo kán sípírítì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo da omi tó ń rùn bíi bẹntiróò yẹn lé wọn, mo mì wọ́n, mo gbé wọn dúró. Ti ọkùnrin náà dúró sísàlẹ̀. Ti epo gòkè. Ti ọmọ náà gòkè tẹ̀lé e, àwọ̀ kan náà.

Yèyé wo ìgò ọmọ náà, wọ́n wo ti epo. Wọ́n wá fi ìka méjì la ìpéǹpéjú ọmọ náà, wọ́n wo funfun ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọ́n á bú mi. "Ẹ̀rù ló bà mí," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Méjì ni ibà yìí ti pa nínú ọmọ tèmi. Mo ti rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tán kí n tó rántí ojú." Wọ́n gbé ọmọ dìde, wọ́n gbé e fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì da àgbo náà sẹ́yìn ilé.

Akinwálé ti ń wá ọmú kí ìyá rẹ̀ tó jókòó tán. Ó rù, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mu bí ẹni tí wọ́n ń lé. A jókòó síbẹ̀ títí ó fi yó. Mo ń dúró kí Mojísọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run dárí jì mí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ronú nígbà yẹn. Kò dúpẹ́. Ó nu ẹnu ọmọ náà, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Àkúrẹ́.

Ó ní, "Ántì, lọ́jọ́ tí ẹ fi gègé pupa yẹn kọ ọ́, ṣé ẹ ti rí ọmọ mi?"

Mo ní rárá.

Ó dìde, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó."

Mo wò ó, Àbẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kékeré pọ́n lórí aṣọ funfun mi, ó di ìka mi mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.